Kai koʻo, kai mimiki: bí àwọn ará Hawaiʻi ṣe ń pe ìṣesí òkun lórúkọ

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejìlá, ní ọdún kìíní tí mo dé ìlú Hilo, ní erékùṣù ńlá tí ń jẹ́ Hawaiʻi láàárín àwọn erékùṣù Hawaiʻi ní agbami Pàsífíìkì, mo bá obìnrin àgbà kan tí ilé rẹ̀ múlé ti tèmi lọ sí etíkun Keaukaha. Ó ní òun fẹ́ lọ wò ó bóyá òun á rí ʻopihi díẹ̀ ṣí lára àpáta. Ó gbé garawa kékeré kan dání, ó sì mú ọ̀bẹ kan tí ẹnu rẹ̀ ti kújú. Nígbà tí a débẹ̀, kò gun orí àpáta. Abẹ́ igi kan ni ó lọ dúró sí, tí ó ń wo omi. Ní tèmi, n kò rí nǹkan kan tí ó burú: oòrùn ti yọ, omi ń dán, ìgbì ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fọ́ sára àpáta dúdú, ó sì ń padà. Mo ti ń bọ́ bàtà mi. A ti dúró tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ìgbì mẹ́ta kan tó tẹ̀lé ara wọn dé, èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn sì gun orí àpáta náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó fọ ibi tí mo ti fọkàn sí pé n ó dúró sí mọ́ tónítóní. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni ó sọ: "Kai koʻo." Ó da ojú garawa rẹ̀ dé, ó di ilé.

Lójú ọ̀nà ni mo béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òkun tí ó bá ń ru, tí agbára rẹ̀ ti pọ̀ sí i, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àti pé bí àgbà bá ti pè é bẹ́ẹ̀ tán, kò sí ẹni tí í tún béèrè bóyá a ó ṣí ʻopihi lọ́jọ́ náà. Òwe tiwa ni ó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí ó pa òwe yẹn ti fojú ara rẹ̀ rí òkun. Òun náà wá pa tiwọn fún mi: "He iʻa make ka ʻopihi," ẹja ikú ni ʻopihi. ʻOpihi yìí jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí kékeré kan tí ó ní ìkarahun bí ti ìgbín, tí í lẹ̀ mọ́ àpáta etí òkun pinpin. Kò ní oró, ẹran rẹ̀ sì dùn. Ibi tí ó ń gbé ni ikú wà, nítorí ẹni tí yóò bá ṣí i gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí àpáta tí ìgbì ń fọ́ sí, ó sì rọrùn púpọ̀ fún onítọ̀hún láti kẹ́yìn sí omi.

Gbogbo àdúgbò ni ó ń pe obìnrin náà ní Àǹtí, àti ẹbí àti àlejò, nítorí ní Hawaiʻi, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lọ́dọ̀ wa, ọmọdé kì í pe àgbà lórúkọ gbàǹgbà. Àṣà yìí nìkan ti mú kí ara tù mí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, odò Ògùnpa sì ni omi tí mo mọ̀ nígbà èwe mi. Mo ti lé ní ọmọ ogún ọdún kí n tó fojú kan òkun ní Èkó. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju pé ó fẹ̀, ó níyọ̀, ó sì ń pariwo. Láti àárọ̀ ọjọ́ Keaukaha yẹn ni mo ti ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí Àǹtí bá fi pe omi sínú ìwé kékeré kan, tí mo sì ń gbé e ka iwájú ìwé atúmọ̀ èdè tí Mary Kawena Pukui àti Samuel Elbert gbé jáde ní 1957, nínú èyí tí gbólóhùn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kai ti pọ̀ lọ súà. Bí mo ṣe ń kọ wọ́n ni mo túbọ̀ ń rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn orúkọ wọ̀nyí ní àṣẹ nínú. Bí ẹni tí ó mọ èdè náà bá ti dárúkọ ìṣesí òkun tán, ó ti sọ ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe.

Kai ni ìpìlẹ̀. Kai ni òkun, kai ni omi òkun, kai náà sì ni omi ọbẹ̀ tí a ń bù sórí oúnjẹ. Paʻakai ni wọ́n ń pe iyọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni òkun tí ó ti dì. Ní Hanapēpē, ní erékùṣù Kauaʻi, àwọn ìdílé kan ṣì ń bu omi oníyọ̀ sínú ojú kòtò tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oòrùn yóò sì máa fà á gbẹ díẹ̀díẹ̀ títí tí paʻakai yóò fi jókòó sí ìsàlẹ̀. Bí ènìyàn bá sì béèrè ọ̀nà láàárín ìlú, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó dárúkọ àríwá tàbí gúúsù fún un. Mauka ni ìhà òkè ńlá, makai ni ìhà òkun, àwọn tí kò gbọ́ gbólóhùn kan mìíràn nínú èdè Hawaiʻi pàápàá ń fi méjèèjì júwe ilé oúnjẹ àti ilé epo lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì dá wà. Tai ni àwọn Māori ti New Zealand ń pè é, tahi ni àwọn ará Tonga ń pè é. T tí ó wà nínú àwọn èdè yòókù ni ó di k ní Hawaiʻi. Ngaru ni ìgbì lẹ́nu àwọn Māori, ngalu ni lẹ́nu àwọn ará Tonga, àwọn ará Samoa ń kọ ọ́ ní galu tí wọ́n sì ń fi imú pe g rẹ̀, nígbà tí ó sì dé Hawaiʻi ó di nalu. Moana, tíí ṣe agbami, kò yí padà rárá. Ó tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà láti Hawaiʻi dé New Zealand, omi ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tí ó bá ti inú ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ ní èyíkéyìí nínú etíkun méjèèjì láyé àtijọ́, tí ó bá sọ pé moana ni òun ti ń bọ̀, wọn yóò gbọ́ ọ.

Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ti David Malo ni mo máa ń padà sí. Wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún 1795, ó kàwé ní Lahainaluna ní erékùṣù Maui, ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1831, ó sì fi èdè Hawaiʻi kọ àṣà àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó kú ní 1853. Ó to òkun bí ẹni ń to ilẹ̀ oko, láti ibi tí omi ti ń lá etí yanrìn, tí wọ́n ń pè ní ʻae kai, títí dé ibi tí ojú kò tó mọ́. Kai hele kū ni omi tí ènìyàn lè dúró sí tàbí kí ó fẹsẹ̀ rìn nínú rẹ̀. Kai kohola ni omi tí kò jìn tí ó tẹ́ lórí àpáta iyùn. Kai heʻe nalu ni ibi tí àwọn tí ń gun ìgbì ti ń ṣeré. Ibi tí omi bá ti ń dúdú ni kai uli. Lẹ́yìn ìyẹn ni kai lū heʻe, kai mālolo, kai ʻōpelu, kai hī aku, kí a tó wá bọ́ sí moana gan-an. Ní ìkángun rẹ̀ ni omi aláwọ̀ aró tí ó pọ́n fẹ́ẹ́, tí wọ́n fi fún òrìṣà wọn Kāne, tí wọ́n sì so mọ́ Tahiti, erékùṣù kan tí ó jìnnà réré ní gúúsù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, nítorí òun ni ó kọ́kọ́ là mí lójú. Bí ẹsẹ̀ kò bá ti tólẹ̀ mọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń fún omi lórúkọ. Mālolo ni ẹja tí í fò lójú omi, ʻōpelu ni ẹja kan tí í rìn ní agbo, aku sì jẹ́ ọ̀kan lára ìdílé tuna. Kai hī aku ni ibi tí a ti ń fi ìwọ̀ fa aku. Apẹja kan kò níí sọ pé òun wà ní ìwọ̀n kìlómítà báyìí sí ilẹ̀. Yóò sọ pé kai ʻōpelu ni òun wà, aya rẹ̀ tí ó wà nílé yóò sì mọ bí ó ti jìnnà tó, ohun tí ó ń fi ọwọ́ ṣe, àti irú ẹja tí yóò gbé wálé. Kai lū heʻe ni ó wú mi lórí jù. Heʻe ni ẹran omi ọlọ́wọ́ mẹ́jọ tí kò ní eegun, ohun tí wọ́n sì fi ń tàn án jáde láti inú ihò rẹ̀ ni ẹyọ. Wọ́n á so ìkarahun ẹyọ ńlá kan mọ́ òkúta àti ìwọ̀, wọ́n á sọ ọ́ sílẹ̀ sínú omi jíjìn, wọ́n á máa mì ín, heʻe á sì na ọwọ́ bò ó. Èmi tí mo mọ ẹyọ gẹ́gẹ́ bí owó àtijọ́ àti ohun tí babaláwo ń lò, mo jókòó sí ilé Àǹtí lọ́jọ́ kan, mo gbé ẹyọ aláwọ̀ ilẹ̀ kan tí ó tó ìkúùkù ọmọdé sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì ń wo ihò méjì tí okùn ti gba inú rẹ̀ kọjá.

Kohola tún kọ́ mi ní ohun mìíràn. Bí a bá fa ohùn ìparí rẹ̀ gùn, tí ó di koholā, ó ti di àbùùbùtán. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ èdè yìí sínú ìwé kì í fi àmì sí i, nítorí náà ẹni tí ń kà á gbọ́dọ̀ mọ̀ láti inú ọ̀rọ̀ bóyá omi etí ilẹ̀ tí ó tó orúnkún ni òǹkọ̀wé ń wí ni, àbí omi tí àbùùbùtán ń gbé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka ìwé Yorùbá tí kò ní àmì ohùn rí, tí ó ń wá ìyàtọ̀ láàárín ọkọ̀, ọkọ́ àti ọkọ, mọ irú ìyọnu yìí.

Ìgbì ni èmi ìbá pe ʻale àti nalu, ṣùgbọ́n Àǹtí kì í da méjèèjì pọ̀. ʻAle ni èyí tí ó wà ní agbami, tí ó ń gbé ara sókè tí ó sì ń rọ̀ sílẹ̀ láìfọ́. Ìjì tí ó bá jà ní àríwá Pàsífíìkì, lápá Alaska, ní ìgbà òtútù ni ó ń tì í jáde, yóò sì rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, nígbà mìíràn ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere. Bí ó bá dé ibi tí omi kò ti jìn mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kan ìsàlẹ̀ òkun, ìrìn rẹ̀ á falẹ̀, omi tí ń bọ̀ lẹ́yìn á gun orí rẹ̀, orí náà á sì ré ṣubú síwájú. Ìgbà náà ni ó di nalu. Ìdí nìyí tí àárọ̀ dídán kan fi lè jẹ́ àárọ̀ kai koʻo. Ìjì tí ó bí ìgbì mẹ́ta tí mo rí ní Keaukaha ti lè parí lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn ní ibi tí n kò lè dé.

Àwọn tí ń gun nalu ní orúkọ fún gbogbo ara rẹ̀. Honua, tí í ṣe ilẹ̀, ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Muku ni apá tí ó ti gé, tí ó ń fọ́. Lala ni èyí tí ó dagun. Lauloa ni èyí tí ó nà tí ó sì fọ́ láti ìpẹ̀kun etíkun kan dé èkejì. ʻōpuʻu, tí ó tún jẹ́ orúkọ ìrudi òdòdó, ni èyí tí ó wú sókè tí kò sì là. Ṣùgbọ́n nalu fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Yàtọ̀ sí ìgbì, ó túmọ̀ sí kí ènìyàn ro nǹkan jinlẹ̀, kí ó máa gbé e yẹ̀wò nínú ọkàn. Ó tún jẹ́ orúkọ omi tí ọlẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ nínú ikùn ìyá. Mo gbà pé ohun tí Àǹtí ń ṣe lábẹ́ igi ní àárọ̀ yẹn kò ní orúkọ mìíràn: ó ń nalu lórí nalu.

Au ni ìṣàn omi òkun. Au náà sì ni ìgbà, sáà tí ń kọjá lọ. Orúkọ Keaukaha gan-an, ìṣàn tí ń kọjá ni. Òwe kan wà tí àwọn tí ń gbé etí òkun ń pa fún ẹni tí ó bá dúró lókè tí ó ń sọ bí ó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn: wọ́n á ní orí òkè gèǹgè kọ́ ni a ti ń wò ó, kí ó sọ̀kalẹ̀ wá kí ó mọ ke au nui àti ke au iki, ìṣàn ńlá àti ìṣàn kékeré, ní ojúkojú. Ohun tí òwe náà ń sọ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú omi. Láti òkè, ibi tí ìgbì kò ti fọ́ láàárín ìgbì méjì tí ń fọ́ ni ó máa ń dà bí ibi ìrọ̀rùn, tí àlejò yóò sì fẹ́ gbà wọlé. Níbẹ̀ gan-an ni gbogbo omi tí ìgbì ti kó wá sí etí ilẹ̀ ń gbà padà sí agbami, ó sì lè wọ́ ẹni tí ó mọ̀wẹ̀ dáadáa lọ. Ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn ni yóò rí i pé ìfófó ń rìn lọ síta níbẹ̀ dípò kí ó máa bọ̀ wálé. Àǹtí ń fi ìka tọ́ ọ sí mi nígbà gbogbo, ó sì tó oṣù mẹ́ta kí ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i fúnra rẹ̀.

Ojú omi tí ó wà láàárín àwọn erékùṣù náà ní orúkọ tí ó ń kìlọ̀. Láàárín Maui àti erékùṣù Hawaiʻi ni ʻAlenuihāhā wà, ẹ ó sì rí ʻale nui, ìgbì agbami ńlá, nínú orúkọ náà. Atẹ́gùn tí ó ń fún ara rẹ̀ mọ́ àárín àwọn òkè gíga ìhà méjèèjì ni ó ń nà án dìde. Láàárín Lānaʻi àti Kahoʻolawe ni Kealaikahiki, ọ̀nà tí ó lọ sí Tahiti. Ní 1976, ọkọ̀ ìgbòkun alárà méjì tí ń jẹ́ Hōkūleʻa kúrò ní Maui ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, ó sì gúnlẹ̀ sí Papeete ní Tahiti ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà, láìsí kọ́ńpáàsì nínú rẹ̀. Mau Piailug ni ó darí rẹ̀. Ọmọ Satawal ni, erékùṣù kékeré kan ní Micronesia, nítorí pé ní àkókò náà kò sí ọmọ Hawaiʻi kan mọ́ tí ó mọ ọ̀nà náà lórí. Ìràwọ̀ ni ó ń wò, bí ìkùukùu bá sì bò wọ́n, ìgbì agbami ni ó ń gbọ́ra fún: yóò dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, yóò sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ mọ ìhà tí ʻale ti ń gbé e.

Kaʻiwi ni orúkọ ojú omi tí ó wà láàárín Oʻahu àti Molokaʻi. Iwi ni eegun. Ní òru ọjọ́ tí Hōkūleʻa gbéra ní oṣù kẹta 1978, omi dojú rẹ̀ dé níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Eddie Aikau, tí ó ti ń yọ ènìyàn nínú omi ní Waimea láti ọ̀pọ̀ ọdún, gun pákó rẹ̀, ó kọrí sí Lānaʻi láti lọ wá ìrànlọ́wọ́. Wọ́n rí àwọn tí ó kù lórí ọkọ̀ gbà là lọ́jọ́ náà. Wọn kò rí òun mọ́ títí di òní. Bí Àǹtí bá dárúkọ Kaʻiwi, ó máa ń rọra pè é. Lẹ́yìn ọdún méjì, ní 1980, Nainoa Thompson, tí Mau gbà láti kọ́, ni ó darí ọkọ̀ náà dé Tahiti tí ó sì darí rẹ̀ padà.

Òkun jẹ́jẹ́ náà ní orúkọ tirẹ̀: mālie, malino, laʻi. Kona, tí Mauna Loa àti Hualālai ṣíji bò kúrò lọ́wọ́ atẹ́gùn, ni oríkì rẹ̀ kún fún irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, òkun Kawaihae sì ni wọ́n ń kì ní kai hāwanawana, òkun tí ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ní Hilo, níbi tí òjò ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́, kai pualena, òkun tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nítorí omi odò ẹlẹ́rẹ̀, ni a máa ń rí jù lẹ́yìn òjò ńlá. Odò Wailuku a máa gbé ẹrẹ̀ àti igi wọ inú ọ̀sà wa, kò sì sí ẹni tí ó ní làákàyè tí í lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Kíkún àti fífà omi kò pọ̀ níhìn-ín, nítorí àárín gbùngbùn agbami ni àwọn erékùṣù náà wà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kì í sábà tó mítà kan. Síbẹ̀ wọ́n fún un lórúkọ dáadáa. Kai piʻi ni omi tí ń gòkè, kai piha ni èyí tí ó ti kún, kai emi ni èyí tí ń fà, kai make, òkun tí ó kú, ni èyí tí ó ti fà tán. Oṣù ni wọ́n fi ń tọ́ ọ. Alẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù ní orúkọ: Hilo, tí ìlú wa ń jẹ́, ni alẹ́ kìíní tí oṣù lé fẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, Muku ni ti ìparí, nígbà tí ó ti gé tán, ọ̀rọ̀ kan náà tí ó wà lára ìgbì. Àwọn alẹ́ kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń jẹ́ ʻOle, ìyẹn kò sí, òfo. Àwọn àgbà kì í gbin nǹkan, wọn kì í sì í retí ẹja púpọ̀ ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣe kai make, tí ojú àlejò kò sì lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára rẹ̀. Kai mimiki ni. Ní kai make, omi ń fà díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Ní kai mimiki, ó ń sá padà láàárín ìṣẹ́jú, bí ẹni pé ẹnì kan ń fà á mu láti ìsàlẹ̀, àpáta tí ènìyàn kò rí rí á yọ sójú, ẹja á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ilẹ̀ tútù. Kai eʻe ni ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Eʻe ni kí a gun nǹkan, bí ẹni tí ń gun orí ọkọ̀. Òkun tí ó gun orí ilẹ̀ ni kai eʻe.

Ní òru tí ó mọ́jú ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1946, ilẹ̀ mì tìtì nísàlẹ̀ òkun lẹ́bàá àwọn erékùṣù Aleutian. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí márùn-ún, ní àárọ̀, nígbà tí àwọn ọmọdé ń dé ilé ìwé, omi dé Hawaiʻi. Ní Laupāhoehoe, ní àríwá Hilo, ilé ìwé wà ní etí omi pẹ́kípẹ́kí. Omi kọ́kọ́ sá padà, àwọn ọmọ sì sọ̀kalẹ̀ lọ wo ìsàlẹ̀ òkun tí ó ṣí sílẹ̀. Ènìyàn 24 ni ó kú níbẹ̀, ọmọ ilé ìwé ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní Hilo, 96 ni. Ní gbogbo àwọn erékùṣù Hawaiʻi lápapọ̀, 159. Mo ti lọ dúró ní ibi tí ilé ìwé náà wà, níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ wọn sára òkúta, mo sì ka ọjọ́ orí wọn títí tí n kò fi lè kà á mọ́.

Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, ní 1960, ilẹ̀ mì ní Chile, kai eʻe rẹ̀ sì la gbogbo Pàsífíìkì kọjá. Fèrè ìkìlọ̀ dún ní Hilo lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn kan kò kúrò nílé, àwọn kan tilẹ̀ lọ sí etí omi láti wòran. Ènìyàn 61 ni ó kú ní òru tí ó mọ́jú ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù karùn-ún. Aago ńlá kan ṣì dúró lójú títì ní Waiākea, ó tọ́ka sí aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọn kò sì tún un ṣe. Mo ń kọjá níwájú rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ kai eʻe, Ìbàdàn ni ọkàn mi lọ. Ní 1980, nígbà tí Ògùnpa kún tí ó sì gbé ilé, mọ́tò àti ènìyàn lọ, àwọn ará ìlú wa kò wá orúkọ lọ sí ibi jíjìn. Omíyalé ni wọ́n pè é: omi tí ó kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ tí ó yà sínú ilé. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Àǹtí, ó sì ní kí n tún un pè, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni ó dì mí lọ́wọ́ mú, tí ó sì sọ ọ́ fún mi kedere, bí ẹni ń sọ fún ọmọ tí ó bí: "Kuʻu keiki, bí o bá rí kai mimiki, má wo ẹja. Má wo ẹ̀yìn. Mauka."

Ọ̀rọ̀ tí ó lè gba ẹ̀mí là báyìí ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà lẹ́nu àwọn ọmọ náà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti lé Ọbabìnrin Liliʻuokalani kúrò lórí oyè ní 1893, òfin 1896 sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì di èdè tí a gbọ́dọ̀ fi kọ́ni ní gbogbo ilé ìwé, ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n sì jẹ níyà nítorí pé wọ́n sọ èdè ìyá wọn. Ìwé ìròyìn tí wọ́n ti ń tẹ̀ ní èdè náà láti 1834 kú tán ní 1948. Inú ń bí mi nígbàkigbà tí mo bá ro ó, nítorí pé àárín àkókò yẹn gan-an ni ọdún 1946 bọ́ sí. Ní 1978 ni òfin ìpínlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èdè Hawaiʻi ṣe èdè ìjọba pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, ní 1983 ni àwọn òbí àti olùkọ́ kan sì dá ẹgbẹ́ ʻAha Pūnana Leo sílẹ̀, tí wọ́n ṣí ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi níbi tí a ti ń fi èdè náà nìkan bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ọmọ ọmọ Àǹtí wà ní ilé ìwé tí ó ti inú iṣẹ́ yìí jáde. Ọmọ ọdún méje ni, kò sì ka èdè Hawaiʻi sí ohun àrà kan. Òun ni ó fi ń bèèrè búrẹ́dì.

Ní oṣù tí ó kọjá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí Keaukaha. Omi ti fà, ewéko inú òkun ń tàn lórí àpáta. Ọmọ náà sáré ṣíwájú, ó nawọ́, ó pariwo: "Kai make, e Tūtū!" Ìyá ìyá rẹ̀ kò dáhùn. Abẹ́ igi kan náà ni ó lọ dúró sí, ó ń wo omi, àwa náà dúró. Mo gbìyànjú láti máa ka ìgbì, mo sì ṣìrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó tó àkókò lójú rẹ̀, ó mi orí, ó fún mi ní ọ̀bẹ, ó fún ọmọ ní garawa, a sì gun orí àpáta. A ṣí ʻopihi tí ó kún ìsàlẹ̀ garawa. Àǹtí kò ṣí ẹyọ kan. Ó dúró lẹ́yìn wa ní gbogbo àkókò náà, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ẹ̀wù ọmọ, ojú rẹ̀ sì wà lára omi.